Ìkarahun Odindi Tàbí Àlẹ̀pọ̀? Ẹ Wo Etí Èèkù Ọ̀bẹ Yín

Láti Pearland níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pearl inú òkun ni wọ́n fi sọ ìlú yìí lórúkọ. Rárá o, igi pear ni. Mark Belt ni wọ́n ń pè é kó tó di Pearland ní 1894. Orúkọ lè ṣini lọ́nà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀kan nínú yín fi fọ́tò ọ̀bẹ kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí a máa ń pa dé, tí a ń fi sápò. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fi í sílẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ rà á ní ogún dọ́là, ó ní èèkù rẹ̀ kì í ṣe ìkarahun gidi. Èèkù ni ibi tí a ti ń di ọ̀bẹ mú. Ẹ ó ti gbọ́ èèkù idà lẹ́nu àwọn àgbà.

Oríṣi èèkù mẹ́ta ló ń dán báyìí.

Àkọ́kọ́ ni odindi. Ara ìkarahun kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé e, ti pearl oyster tàbí ti abalone. Ìpele ìpele ni ẹran omi náà fi kọ́ ilé rẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan kò sì nípọn ju nǹkan bí ìdajì máíkírómítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara àwọn ìpele wọ̀nyí ló ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ máa yí padà bí ẹ ti ń yí ọ̀bẹ.

Èkejì ni àlẹ̀pọ̀. Ìkarahun gidi ni òun náà, àmọ́ wọ́n là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ ẹ́ léra wọn. Kí nìdí? Abalone tẹ̀ kọdọrọ bí abọ́, kò rọrùn láti rí ibi tó gùn, tó tẹ́jú, tó sì nípọn lára rẹ̀. Ó tún ti ṣọ̀wọ́n: California fòfin de pípa á fún títà ní 1997, wọ́n sì de àwọn tó ń pa á fún fàájì ní 2018.

Ẹ̀kẹta ni ike lásán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n? Ẹ fi èèkù kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: ìkarahun máa ń tutù ju ike lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí èèkù, kì í ṣe ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò léra wọn bí ewé ìwé, tàbí ibi tí àwòrán ojú rẹ̀ ti gé lójijì tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, àlẹ̀pọ̀ ni. Ti odindi máa ń ṣàn láti ojú dé etí láìgé. Ẹ má fi iná dán an wò o! Ẹ má sì ta ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, torí ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì ló wà nínú ìkarahun, omi kíkan á jẹ ẹ́.

Àlẹ̀pọ̀ kì í ṣe ayédèrú. Kì í tètè sán bí odindi bó bá já bọ́. Àmọ́ ẹ má gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò nínú oòrùn Houston, torí ooru lè mú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ tú. Ohun tó burú ni kéèyàn ta àlẹ̀pọ̀ lówó odindi, tàbí kó ra odindi lówó ike. Ẹ rántí ìlẹ̀kẹ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó: kò sẹ́ni tó máa bá yín jà bí ẹ bá lo ike, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní iyùn fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Mo ní kí ọmọ wa tún ya fọ́tò etí ọ̀bẹ náà. Mi ò rí ìlà kankan níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì ṣàn dé etí. Mo sọ fún un pé kó má tíì tà á, kó kọ́kọ́ gbé e lọ fún ẹni tó mọ ọ̀bẹ àtijọ́, kí onítọ̀hún fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Fọ́tò kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ bàbá yín wò kí ẹni tó fẹ́ rà á tó sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ó dàbọ̀ o.