Ìsopọ̀ Prolog mọ́ àká dátà

Prolog jẹ́ èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, tí a gbé ka orí lọ́jíìkì. Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ló dá a sílẹ̀ ní Marseille, lórílẹ̀-èdè Faransé, ní 1972, pẹ̀lú èrò Robert Kowalski láti Edinburgh. Ẹni tó ń lò ó kì í to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkodoro ọ̀rọ̀ àti òfin ló ń kọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì fi wọ́n wá ìdáhùn. Àká dátà ní tirẹ̀ ni ibi tí a ń kó ìsọfúnni púpọ̀ pamọ́ sí, nínú àtẹ irú èyí tí Edgar Codd ṣàlàyé ní 1970. SQL ni èdè tí a sábà fi ń bi í léèrè. Ìlà kan nínú àtẹ jọ òkodoro ọ̀rọ̀ kan nínú Prolog, ìjọra yìí ló sì mú kí a lè so àwọn méjèèjì pọ̀.

A lè fi ọkọ̀ ojú irin Gautrain ti Johannesburg ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àtẹ kan kọ àwọn ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé ara wọn sílẹ̀: Park àti Rosebank, Rosebank àti Sandton, Sandton àti Marlboro, Marlboro àti Midrand. Kò sí ìlà tó sọ pé ènìyàn lè ti Park dé Midrand. Òfin méjì péré ni Prolog nílò láti mọ̀ ọ́n: ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé èyí tí a wà ṣeé dé, èyí tó bá sì tẹ̀lé ibi tó ṣeé dé, òun náà ṣeé dé.

Ọ̀nà kìíní láti so wọ́n pọ̀ ni kí a da gbogbo àtẹ kọ sínú ètò Prolog. Ó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀dà a máa di àlòkù. Ní 2012 ni ibùdókọ̀ Park ṣí. Ẹ̀dà tí a ṣe ní òpin 2011 kò ní í mọ̀ ọ́n rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni Prolog a máa ka ohun tí kò rí sí irọ́: òfin tọ̀nà, ìdáhùn kò tọ̀nà.

Ọ̀nà kejì ni kí dátà dúró sí àyè rẹ̀, kí Prolog máa fi SQL béèrè. SWI-Prolog, tí Jan Wielemaker bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam ní 1987, ń ṣe èyí nípasẹ̀ ODBC. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan ni Prolog ń gbé yẹ̀ wò, nígbà tí àká dátà ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìbéèrè bá ń lọ tó ń bọ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ a falẹ̀. Nítorí náà, ó dára kí a kó àwọn àbùdá tí a ń wá pọ̀ sínú ìbéèrè SQL kan ṣoṣo, kí àká dátà fúnra rẹ̀ ṣe àṣàyàn.

Bí àtẹ bá tún ní ìlà àlọ àti àbọ̀, Prolog lè máa yí láàárín Park àti Rosebank láìdúró. XSB àti SWI-Prolog ní ọ̀nà láti rántí ìdáhùn tí wọ́n ti rí, kí wọ́n má baà tún un wá. Láti 1999, ìlànà SQL pẹ̀lú ti fàyè gba ìbéèrè tó ń pe ara rẹ̀, débi pé àká dátà lè dá irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe.