Orúkọ Aṣọ: Ẹ̀kọ́ Kan láti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìlú Helmond

Àwọn baba wa ní aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Bí a bá ní kí a kí aṣọ nínú gbọ̀ngàn yìí, àǹkàrá ni púpọ̀ nínú wọn yóò jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ibi tí a tọ́jú ìtàn irú aṣọ yìí sí, àti apá kan ìtàn náà tí ó wà ní ìkáwọ́ àwa fúnra wa.

Helmond jẹ́ ìlú aláṣọ kan ní gúúsù ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ní 1846, Pieter Fentener van Vlissingen dá ilé-iṣẹ́ aṣọ kan sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Vlisco. Iṣẹ́ bátíìkì àwọn ará Jáfà ni àwọn aláṣọ Nẹ́dálándì fara wé. Ìda ni àwọn ará Jáfà fi ń ya àwòrán sára aṣọ kí aró má baà mu ibẹ̀. Ní ti Helmond, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ oje igi sí ojú àti ẹ̀yìn aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Níbi tí oje náà bá ti sán, aró a wọ inú rẹ̀, a sì fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣọ méjì kì í fi í jọra tán. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni irú aṣọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Inú ilé olódi kan tí a kọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ni Museum Helmond wà, ó sì tún ní gbọ̀ngàn iṣẹ́-ọnà kan. Yàtọ̀ sí ìtàn ìlú, ó kó àwọn àwòrán tí ó dá lórí ènìyàn àti iṣẹ́ jọ. Èyí tọ́, nítorí a kò lè pìtàn aṣọ kí a má pìtàn òṣìṣẹ́. Ní 2016, nígbà tí Vlisco pé 170 ọdún, wọ́n pàtẹ àwọn aṣọ rẹ̀ níbẹ̀ fún aráyé wò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó fínnífínní. Nọ́ńbà ni ilé-iṣẹ́ náà máa ń fún àwòrán aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ? Àwọn obìnrin aláṣọ ni, irú àwọn tí a pè ní Nana Benz ní Lomé, àti àwọn oníbàárà wọn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ilé ọkọ, ọjà àti àdúgbò ni wọ́n wò. Àwòrán ẹyẹ tí ó jáde nínú àgò di “Bí o bá jáde, èmi náà yóò jáde”, ọ̀rọ̀ ìyàwó sí ọkọ. Ní Gánà, aṣọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ di “Owó ní ìyẹ́”. Ẹni tí kò mọ orúkọ wọ̀nyí, ẹyẹ lásán ni yóò rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àdìrẹ ẹlẹ́kọ wa rí. Ẹni tí ó mọ Ìbàdàndùn ni yóò dá òpó Gbọ̀ngàn Mápó mọ̀ lára rẹ̀. Àwọn àdìrẹ wa kan ti wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun. Aṣọ lè pẹ́ nínú àpótí onígíláàsì, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí ó rà á, tí ó tà á, tí ó sì ró o ni orúkọ rẹ̀ ń gbé. Bí wọ́n bá lọ tí a kò bi wọ́n, aṣọ yóò kù, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò sì parun.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo bẹ̀ yín kò wọ́n. Bí ẹ bá délé, ẹ bẹ àwọn ìyá yín kí wọ́n ṣí àpótí aṣọ wọn. Ẹ béèrè orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n rà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ sí i.