Sẹ́ẹ̀lì tó gbó tí kò kú: ohun tó ń hun awọ ara jọ, àti ibi tí ìtọ́jú rẹ̀ dé

Lọ́dún 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àwòrán bàbá ẹni ọdún 69 kan jáde láti Amẹ́ríkà. Apá ọ̀tún ojú bàbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ hunjọ. Apá òsì ni wàhálà wà: awọ ibẹ̀ ti ki, ó ti dẹ̀, ìlà jíjìn-jíjìn sì pín in yẹ́lẹyẹ̀lẹ láti abẹ́ ojú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún 28 ni bàbá yìí fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ilẹ̀ tí awakọ̀ ti ń jókòó sápá òsì bíi tiwa ní Nàìjíríà, tó jẹ́ pé apá òsì ojú ló ń kọ sí fèrèsé. Gíláàsì fèrèsé a máa dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB dúró, ṣùgbọ́n UVA ń gbà á kọjá, UVA yìí ló sì ń wọ inú awọ lọ jù.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí ọ̀tún àti òsì ojú bàbá yẹn. Bí ọ̀kan bá wá gbó ju èkejì lọ, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà, yàtọ̀ sí iye ọdún, tó ń sọ awọ dogbó. Inú sẹ́ẹ̀lì ló yẹ ká ti wá a.

Òkè awọ ara kì í dúró lójú kan. Lára ọ̀dọ́, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni sẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń lò kó tó ti ìsàlẹ̀ dé òkè, kó sì ré dànù. Lábẹ́ ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ fibroblast. Àwọn ló ń ṣe kọ́lájìn, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí awọ le dáadáa, tí kì í jẹ́ kó dẹ̀.

Fibroblast yìí ni Leonard Hayflick àti Paul Moorhead ń tọ́ nínú ìgò ní Wistar Institute, Philadelphia, nígbà tí wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1961. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí gbogbo onímọ̀ gbà gbọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì tí èèyàn bá ń bọ́ dáadáa nínú láàbù kò ní dẹ́kun pípín láéláé. Alexis Carrel tó gba ẹ̀bùn Nobel ló ti sọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sì já a níyàn? Hayflick já a níyàn. Ó rí i pé lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 40 sí 60, sẹ́ẹ̀lì èèyàn kì í pín mọ́. Wọn ò kú o. Wọ́n wà láàyè, wọ́n ń jẹun, iṣẹ́ pípín ni wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀.

Ìdí kan ni pé orí kúrómósómù, níbi tí wọ́n ń pè ní tẹ́lómíà, ń gé kúrú sí i nígbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín. Iṣẹ́ lórí tẹ́lómíà yìí ló mú kí Elizabeth Blackburn, Carol Greider àti Jack Szostak gba Nobel lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò nílò kó pín tó ìgbà 50 kó tó dúró. Bí oòrùn bá ti ba DNA rẹ̀ jẹ́ jù, ó lè fúnra rẹ̀ dáwọ́ dúró, kó má bàa di jẹjẹrẹ. Ààbò gidi nìyẹn, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Kódà, lọ́dún 2014, Marco Demaria àti Judith Campisi fi hàn pé egbò ara èkúté kì í tètè jinná bí wọ́n bá kó irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ibi tó ti burú ni ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù tí wọn ò sì kúrò. Lọ́dún 1995, Campisi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba awọ ara àwọn èèyàn tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ síra, wọ́n ta èròjà kan sí i tó máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó di búlúù. Lára awọ ọ̀dọ́, agbára káká ni búlúù fi hàn. Lára ti àgbàlagbà, ó pọ̀ sí i. Nígbà tó wá di ọdún 2008, wọ́n túbọ̀ rí ohun tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń ṣe: wọ́n ń tú èròjà jáde tó ń mú ara wú, àti òmíràn tó ń gé kọ́lájìn. Bí tòmátì kan tó rà nínú apẹ̀rẹ̀ ṣe ń ba èyí tó fara kàn án jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kan tó gbó ń sọ aládùúgbò rẹ̀ dogbó.

Ǹjẹ́ a lè kó wọn dànù? Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ará Mayo Clinic wà lára wọn, fi hàn pé dasatinib, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú quercetin, èròjà kan tó wà nínú àlùbọ́sà, ń pa sẹ́ẹ̀lì tó gbó lára èkúté. Lọ́dún 2019, wọ́n fún èèyàn mẹ́sàn-án tí àtọ̀gbẹ ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ ní oògùn méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Sẹ́ẹ̀lì tó gbó dín kù nínú ọ̀rá àti awọ ara wọn. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́sàn-án péré ni. Quercetin tí wọ́n sì lò tó 1,000 miligíráàmù lójúmọ́. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ kò lè gbé e débẹ̀. Dasatinib ní tirẹ̀ kì í ṣe oògùn ẹwà, kẹ́nikẹ́ni má lọ rà á.

Lọ́dún 2019 kan náà, ní Yunifásítì Drexel, àwọn tó ti lé lógójì ọdún fi ìpara rapamycin pa ẹ̀yìn ọwọ́ kan, wọ́n fi ìpara tí kò ní oògùn pa èkejì, fún oṣù mẹ́jọ. Àmì ogbó inú sẹ́ẹ̀lì dín kù lápá tí oògùn wà. Èyí náà ṣì kéré láti fi ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ti dúró gbọin-in kò ní ariwo nínú. Ní Nambour, ní Australia, wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà 903 tí wọn kò tíì pé ọdún 55. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa pa ìpara adènà-oòrùn lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, awọ wọn fi ìdá 24 nínú 100 gbó kéré ju ti àwọn tó ń pa á bó ṣe wù wọ́n. Ìpara tretinoin náà ń mú kí awọ tún ṣe kọ́lájìn. Àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìhunjọ ojú lọ́dún 1995. Dókítà ló yẹ kó kọ ọ́ fún èèyàn, aboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa aláwọ̀ dúdú. Mẹ́lánìn inú awọ wa ń dá oòrùn dúró: ìwádìí kan lọ́dún 1979 fi agbára rẹ̀ wé ti ìpara adènà-oòrùn tó ní SPF 13, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun kò ju bíi 3 lọ. Kò dí oòrùn tán, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ la rí i gbà. Ìdí rèé tí bíbó ara fi ń dùn mí. Hydroquinone àti mẹ́kúrì inú ìpara tí wọ́n fi ń bó ara ń dí mẹ́lánìn lọ́wọ́, clobetasol tí wọ́n ń pò mọ́ ọn sì ń dá fibroblast dúró lẹ́nu iṣẹ́, awọ á fẹ́lẹ́ débi pé rírán egbò iṣẹ́ abẹ á di ìṣòro. Lọ́dún 2023, àjọ NAFDAC kéde pé ọ̀rọ̀ bíbó ara ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Owó ara wọn làwọn èèyàn wa fi ń ra ogbó yìí.

Àwọn àfín kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ààbò yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ara wọn ni jẹjẹrẹ awọ ti ń yọjú láìtọ́jọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ àfín nílé, ẹ má dúró de oògùn tuntun kankan. Ẹ dé akẹtẹ̀ fún un, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ fi ìpara SPF 30 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ pa á kó tó jáde, bí ẹ bá sì rí egbò tí kò jinná lára rẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà awọ.