Òòfà Tí A Fi Ìpẹtà Irin Sun: Irú Iná Wo Ni Ó Yẹ Ẹ́?

Bí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní Òde Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, ẹ ní kí ó fi ẹ̀yìn sípíkà kan tí ó ti bàjẹ́ hàn yín. Ẹ ó rí òrùka dúdú kan níbẹ̀, ó nípọn, ó wúwo, bí ìṣó bá sì sún mọ́ ọn, wàrà ni yóò fà á mọ́ra. Òòfà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin ni. Irin kọ́ o! Bí ó bá bọ́ lu sìmẹ́ńtì, fífọ́ ni yóò fọ́ bí àwo tánganran, nítorí ọmọ ìyá ìkòkò ni í ṣe: ìyẹ̀fun ni a tẹ̀ pọ̀, tí a sì fi iná sun. Fẹ́ráìtì ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun náà kò ju ìpẹtà irin lọ, irú pupa tí ń jẹ páànù òrùlé wa. A ó po báríọ̀mù tàbí sitirọ́ńṣíọ̀mù mọ́ ọn. Àwọn ará Japan méjì, Yogoro Kato àti Takeshi Takei, ni wọ́n la ọ̀nà fẹ́ráìtì ní Tokyo ní 1930. Ní 1935 ni a dá ilé-iṣẹ́ TDK sílẹ̀ láti máa ṣe é tà.

Iná ni baba iṣẹ́ yìí. Àwọn alágbẹ̀dẹ Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ògún lọ́dọọdún, kò ní jiyàn: irin àdá kan náà, bí a bá gbé e pípọ́n jáde tí a rì í bọ omi, ó le, bí a bá jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀, ó rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fẹ́ráìtì rí. Ìyẹ̀fun kan náà lè di òòfà gidi tàbí òòfà yẹpẹrẹ, bí iná bá ti jẹ sí i ni.

Nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn wóró ìyẹ̀fun náà yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn láìyọ́, ihò kéékèèké àárín wọn yóò sì máa dí. Bí ihò bá ti dí tó ni agbára tí òrùka náà lè gbé yóò ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ihò ti ń dí ni wóró ń sanra. Èyí tí ó tóbi ń gbé kékeré mì. Wóró tí ó sanra jù kò lè di agbára rẹ̀ mú. Wẹ́rẹ́ ni òòfà mìíràn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni ó dára kí wóró òòfà sípíkà wà nítòsí. Ọ̀ràn náà wá dà bí ti ẹni tí ó fẹ́ kí ẹran jinná, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ó fọ́.

Nínú ààrò àtijọ́, láti ìta ni ooru ti ń wọ inú lọ. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìṣàn-Èkìtì, tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó títí di 1996, mọ̀ pé iná òjijì a máa sán ìkòkò. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni a ń mú fẹ́ráìtì gbóná, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, wóró ń sanra.

Ibí yìí ni máíkíròwéfù ti wọlé, irú ìgbì tí Percy Spencer ará Amẹ́ríkà kíyè sí ní 1945 pé ó lè se oúnjẹ. Ìgbì yìí kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú fẹ́ráìtì gan-an ni ooru ti ń ṣẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí a parí láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ihò a dí kí wóró tó ráyè sanra, òòfà a sì di agbára rẹ̀ mú ṣinṣin. Ẹ tún wo èyí: nínú ẹ̀rọ tí ń mú ìgbì náà jáde, òrùka fẹ́ráìtì méjì ni ó sábà máa ń wà. Òòfà ló ń bá wọn dá iná tí wọ́n fi ń sun òòfà!

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé iná kíákíá dára fún gbogbo fẹ́ráìtì. Ọ̀pá dúdú kan wà nínú rédíò tí a wé wáyà mọ́, tí ó ń gba ohùn láti ojú òfuurufú. Fẹ́ráìtì ni òun náà, ṣùgbọ́n síńkì àti mángánísì tàbí níkẹ́lì ni a pò mọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kí ó di agbára mú, bí kò ṣe kí ó gbà á kí ó sì tú u sílẹ̀ kíá. Bí wóró rẹ̀ bá kéré jù, kì í tètè gbà. Síbẹ̀ iná kíákíá ní oore tí ó ń ṣe fún un: síńkì, tí í máa fò lọ nínú ooru pípẹ́, kì í ráyè sá. Ewu kan tún wà: ibi tí ó bá kọ́kọ́ gbóná ni yóò máa fa ìgbì sí i, tí yóò sì tún máa gbóná ju ìyókù lọ, títí òrùka yóò fi sán.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Láti 1981 ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ irin àti ohun èlò. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti lè lọ nígbà tí ààrò ṣì wà ní ìdajì iṣẹ́, ọ̀nà tí ó sọ wákàtí di ìṣẹ́jú kì í ṣe ọ̀ràn ìwé lásán. Èépá tí ń ré bọ́ lára irin ní ilé-iṣẹ́ irin pàápàá lè di ìyẹ̀fun iṣẹ́ yìí.

Ìkìlọ̀ kan ṣá o: ẹ má ṣe dán èyí wò nínú máíkíròwéfù ìdáná. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ àpótí tí ó lè gba ooru ńlá àti ojú tí ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá tú sípíkà tí ó ti kú wò, ẹ má ṣe tètè mú ẹgba. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí.