Atẹdùùrù Ọlọ́wọ́ Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ọ̀nà ilé baba ẹni. Bí ọmọdé bá sì fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kíá ni a ó bá a wí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà rí ní ilẹ̀ Austria tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì yìí nìkan ni ogun fi sílẹ̀ fún un, òun náà ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ méjì. Paul Wittgenstein ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títẹ dùùrù tí à ń pè ní pìánò níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìlú Vienna ni a bí i sí ní 1887. Ọlọ́rọ̀ pàtàkì ni baba rẹ̀. Nínú iṣẹ́ irin ni ó ti rí owó. Theodor Leschetizky, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí òkìkí wọn kàn jù ní ìgbà náà, ni ó kọ́ Paul ní dùùrù. Ní oṣù Kejìlá 1913 ni Paul kọ́kọ́ dá tẹ dùùrù fún àwọn ará Vienna ní gbangba.

Ọdún kan kò tí ì pé lẹ́yìn èyí tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní fi bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1914, ìbọn bà á ní ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún ní Pólándì, àwọn oníṣègùn sì gé ọwọ́ náà. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà mú un ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì kó o lẹ́rú lọ sí Omsk ní Siberia, níbi tí òtútù ti ń múni dé eegun.

Kí ni atẹdùùrù tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún tún lè ṣe? Wittgenstein wá àpótí òfìfo kan, ó fi èédú ya àwòrán ibi títẹ̀ dùùrù sí i lára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Àpótí kò dún, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́ orin náà nínú ọkàn rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Josef Labor, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ tí ó fọ́jú, pé kí ó ṣe orin tí ọwọ́ òsì nìkan lè tẹ̀. Afọ́jú náà sì ṣe é. Ní 1915 ni wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n tí ó fi padà sílé. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá 1916, ó tún jókòó ti dùùrù níwájú àwọn ará Vienna.

Ẹ lè bèèrè pé báwo ni ọwọ́ kan ṣe lè ṣe iṣẹ́ méjì. Ní apá ọ̀tún dùùrù ni ohùn òkè wà. Ní apá òsì ni ohùn ìsàlẹ̀ wà. Bí a bá na ọwọ́ òsì sí orí dùùrù, àtàǹpàkò rẹ̀ ni ó kọjú sí apá ọ̀tún. Nítorí náà, àtàǹpàkò, tí ó lágbára ju àwọn ìka yòókù lọ, ni ó ń gbé orin, àwọn ìka yòókù sì ń gbè é. Bí ohùn méjèèjì bá jìnnà sí ara wọn, atẹdùùrù yóò kọ́kọ́ tẹ ti ìsàlẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan tí ó wà nísàlẹ̀ dùùrù. Irin yìí kì í jẹ́ kí ìró náà kú. Bí ó ti ń hó lọ, ọwọ́ yóò ti fò lọ sókè láti tẹ ìyókù. Ẹni tí ó bá di ojú rẹ̀ yóò búra pé ọwọ́ méjì ni òun ń gbọ́.

Orin tí a kọ fún ọwọ́ òsì nìkan kò pọ̀ ní ìgbà náà. Wittgenstein náwó fún àwọn ọ̀gá tí ń kọ orin kí wọ́n lè kọ ọ́ fún un: Ravel ará Faransé, Prokofiev ará Rọ́ṣíà, Hindemith ará Jámánì, àti Britten ará Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kò lè bá ẹnikẹ́ni tẹ dùùrù. Kì í sì í ṣe ènìyàn tí ó rọrùn. Ó yí orin Ravel, tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ní Vienna ní oṣù Kìn-ín-ní 1932, padà bí ó ti wù ú, inú Ravel kò sì dùn rárá. Ó sọ fún Prokofiev pé tirẹ̀ kò yé òun, kò sì tẹ̀ ẹ́ rí. Ti Hindemith ni ó tilẹ̀ fi pamọ́ títí ó fi kú.

Ní 1938, Hitler gba Austria. Nítorí pé Júù ni ìran rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí Wittgenstein tẹ dùùrù ní gbangba mọ́. Ó sá lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní dùùrù níbẹ̀, níbẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní 1961.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Ní nǹkan bí ọdún 1965, àìsàn ká ìka ọwọ́ ọ̀tún Leon Fleisher, atẹdùùrù ará Amẹ́ríkà kan, kò. Àwọn orin tí Wittgenstein fi owó ra ni Fleisher gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a sì rí orin Hindemith tí a fi pamọ́, Fleisher yìí ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní gbangba, ní Berlin, ní 2004.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí tí Wittgenstein mọ̀ láti kékeré dí mọ́ ọn. Ó la òmíràn fún ara rẹ̀, àwọn tí ó tẹ̀lé e sì rí i gbà.