Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lásìkò Ọyẹ́

Kẹ̀kẹ́ tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe Márúwá o. Ológeere tí à ń fẹsẹ̀ wà ni. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọ̀kadà láti oko dé Akẹ̀sán tàbí Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ ń jẹ èrè wa mọ́ wa lọ́wọ́. Òmíràn nínú wa ti ń ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ tó ń bá a kó ẹ̀lùbọ́. Ó dáa, àmọ́ ọyẹ́ kì í ṣàánú kẹ̀kẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ má wo ọ̀dà. Èmi wo ọ̀dà lọ́dún kan, tòkunbọ̀ tó ń dán gbinrin ni mo rà. Ṣéènì rẹ̀ já lọ́nà oko pẹ̀lú àpò ẹ̀lùbọ́ lẹ́yìn. Kí ọmọ tó tì í dé ọjà, àwọn oníbàárà Ìbàdàn ti lọ, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí ẹ yí i. Bó bá ń ṣe ségesège, rìímù rẹ̀ ti wọ́. Ẹ fọwọ́ fa ṣéènì níwájú. Bó bá fà kúrò lára eyín tí ẹ ń rí eyín gedegbe, ó ti gbó nìyẹn. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa rì sínú iyanrìn, èyí tó fẹ̀ ni kí ẹ mú.

Epo pupa lọ̀pọ̀ ọmọ ń fi sí ṣéènì. Ẹ kọ̀ fún wọn! Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á wá máa pọ́n irin náà bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ fi kẹrosíìnì àti àkísà nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kán epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì nu àṣẹ́kù kúrò. Kó má kan rọ́bà búréèkì o, kẹ̀kẹ́ ò ní dúró.

Òtútù àárọ̀ a máa mú kí táyà rọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó di ẹrù lé e, torí bó bá rọ̀, rìímù á gé tíúbù. Ẹ má sì fẹ́ ẹ jù, oòrùn ọ̀sán ń bọ̀.

Tírélà ló wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kùrukùru ọyẹ́ kì í sì í jẹ́ kí awakọ̀ tètè rí ọmọ lórí kẹ̀kẹ́. Bí ọ̀nà oko bá wà, ibẹ̀ ni kó gbà. Kó wọ aṣọ tó pọ́n tàbí yẹ́lò, kí gíláàsì pupa tí iná mọ́tò ń tàn sí wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Bí kùrukùru bá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó dúró kí oòrùn là. Bó bá pẹ́ dé ọjà, ẹ̀lùbọ́ ṣáà kì í ṣe tòmátì.