Kí Ni Ó Sọ Jíìpù Di ti Gẹ̀ẹ́sì? Àyẹ̀wò Defender Tuntun àti Grenadier

1. Ìfáárà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2016 ni Defender ti àtijọ́ tí ó kẹ́yìn jáde ní ilé-iṣẹ́ Land Rover ní Solihull. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ méjì ni ó ń du ipò rẹ̀. Èkíní ni Defender tuntun, tí a fi han aráyé ní 2019. Èkejì ni Grenadier ti ilé-iṣẹ́ Ineos, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún títà ní 2022. Àwọn tí ó fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa jiyàn lórí èyí tí ó jẹ́ ojúlówó ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ Íńdíà ni ó ni ti àkọ́kọ́, Slovakia ni a sì ti ń tò ó. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ti èkejì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni a ti ń tò ó, ẹ́ńjìnnì Jámánì ni ó sì ń lò.

Èrò wa nínú bébà yìí ni pé àríyànjiyàn náà kò lè níyanjú níwọ̀n ìgbà tí a bá ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo béèrè ìbéèrè mẹ́rin. A ó ya àwọn ìbéèrè náà sọ́tọ̀, a ó fi wọ́n wọn àwọn ọkọ̀ náà, a ó sì sọ èyí tí ó wúwo jù nínú wọn. Bí a bá pe 'Gẹ̀ẹ́sì' níhìn-ín, England, Wales àti Scotland lápapọ̀ ni a ní lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ nínú èdè wa. 'Jíìpù' ni a ó sì máa pe ọkọ̀ tí a ṣe láti la ẹrẹ̀, iyanrìn àti àpáta kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni orúkọ náà ti wá.

2. Ìbéèrè mẹ́rin nínú ọ̀rọ̀ kan

Nínú gírámà Yorùbá, bí ọ̀rọ̀-orúkọ kan bá ń yán òmíràn, ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe oríṣi kan. Ilé Òjó lè jẹ́ ilé tí Òjó kọ́, ó lè jẹ́ èyí tí ó rà, ó sì lè jẹ́ èyí tí ó háyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì' rí. Ó lè túmọ̀ sí pé:

(a) ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é;
(b) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti tò ó;
(d) ohun èlò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe é;
(e) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbèrò rẹ̀, tí a ti ya àwòrán rẹ̀, tí a sì ti ń pinnu ohun tí yóò jẹ́.

Irú ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àlàárì wà lára aṣọ òkè tí ó níyì jù láàárín Yorùbá. Síbẹ̀, ní àtijọ́, òkèèrè ni òwú sílíkì pupa tí a fi ń hun ún ti ń wá, tí àwọn oníṣòwò ń rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. A kò tìtorí bẹ́ẹ̀ pe àlàárì ní aṣọ Lárúbáwá. Ọ̀dọ̀ ahunṣọ tí ó pinnu bí òwú yóò ṣe tò lórí òfì ni a ka aṣọ náà sí. Ó hàn láti ibí yìí pé (d) nìkan kò tó láti sọ ohun kan di ti ẹnìkan.

3. Land Rover ti 1948 gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Maurice Wilks, olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Rover, ní oko kan ní Anglesey ní Wales, níbi tí ó ti ń lo jíìpù Willys tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1947, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Spencer Wilks, tí ó ń darí ilé-iṣẹ́ náà, gbèrò láti ṣe tiwọn. Irin ṣọ̀wọ́n nígbà náà nítorí pé ìjọba ń wọ̀n ọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, àdàlù alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1948 ni wọ́n fi Land Rover hàn ní Amsterdam.

Ọkọ̀ yìí yege nínú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ọkọ̀ ṣe lè yege. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé orí ṣásí jíìpù Amẹ́ríkà ni wọ́n to àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dán iṣẹ́ náà wò sí. Nítorí náà, kì í ṣe àìyá nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ di ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ni wọ́n pinnu ohun tí wọn yóò yá àti ohun tí wọn yóò yí padà. Àwọn náà ni wọ́n sì ń dáhùn fún un bí ó bá kùnà.

4. Defender tuntun

Bí a bá fi (a) wọn ọkọ̀ yìí, kò yege. BMW ti Jámánì ra Rover ní 1994. Land Rover bọ́ sọ́wọ́ Ford ti Amẹ́ríkà ní 2000. Tata Motors ti Íńdíà sì rà á ní 2008. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Defender àtijọ́ ṣì ń jáde ní Solihull, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sì ń pè é. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó ni owó kò fi dandan jẹ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ní ìtumọ̀ tí à ń wá.

Bí a bá fi (b) wọ̀n ọ́n, kò yege bákan náà, nítorí pé Nitra ní Slovakia, níbi tí a ti ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun ní 2018, ni a ti ń tò ó. Nínú (d), ó yege dé ìwọ̀n kan: púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá láti Wolverhampton, ṣùgbọ́n ZF ti Jámánì ni ó ni ètò jíà rẹ̀. Inú (e) ni ó ti dúró ṣinṣin. Gaydon ní Warwickshire ni a ti ya àwòrán rẹ̀; níbẹ̀ náà ni a ti pinnu pé kí a pa ṣásí ọ̀tọ̀ tì, kí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa gbé ẹrù. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ pàápàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Slovakia ni a ti tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà SAL ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àmì tí a fún Land Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

5. Grenadier

Jim Ratcliffe, tí ó dá Ineos sílẹ̀ ní 1998, ni ó ni èrò ọkọ̀ yìí. Orúkọ ilé ọtí kan ní Belgravia ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi sọ ọ́. Ó fẹ́ jíìpù tí yóò ní ṣásí ọ̀tọ̀ àti ọ̀pá irin líle láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, bíi ti Defender àtijọ́. Èrò náà, nígbà náà, ti Gẹ̀ẹ́sì ni, owó tí ó gbé e ró sì jẹ́ ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olówó náà kó lọ sí Monaco ní 2020.

Ṣùgbọ́n láti orí èrò dé orí ọkọ̀, ọ̀nà jìn. Magna ní Austria ni a gbé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ fún. BMW ni ó ni ẹ́ńjìnnì, ZF ni ó ni jíà, Carraro ti Ítálì sì ni ó ni ọ̀pá ẹsẹ̀. Hambach ní ilẹ̀ Faransé ni a ti ń tò ó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Recaro tí ń ṣe àga rẹ̀ ní Jámánì kò lè san gbèsè mọ́ ní 2024, iṣẹ́ dúró ní Hambach láti oṣù Kẹsàn-án títí ọdún fi parí.

Ohun tí ó kù fún ọ̀pọ̀ olùfẹ́ rẹ̀ láti dì mú ni ìrísí. Ó jọ Defender àtijọ́ ju Defender tuntun lọ. Ṣùgbọ́n Land Rover gbìyànjú láti fi ìrísí náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò tirẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́ ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga sì fọwọ́ sí ìkọ̀sílẹ̀ náà ní 2020, nítorí pé ìrísí náà kò yàtọ̀ tó láti jẹ́ àmì ẹnìkan. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà Defender ni ọdún 68 tí wọ́n fi tò ó ní Solihull. Ìrísí kò lè ra ìyẹn.

6. Ìbàdàn àti Linares

Kí a lè mọ èyí tí ó wúwo jù láàárín (b) àti (e), ẹ jẹ́ kí a wo ìlú méjì. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, Leyland Nigeria to Land Rover ní Ìbàdàn. Òkèèrè ni ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wá. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Ìbàdàn ni ó tò ó. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń bá a lọ láti pè é, nítorí pé kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí wọ́n lè pinnu ní Ìbàdàn láti yí padà.

Ti Linares ní Spéènì yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Santana bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Land Rover níbẹ̀ ní 1958 pẹ̀lú àṣẹ láti Solihull. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyípadà tiwọn, títí orúkọ Land Rover fi kúrò lára ọkọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1980, tí ó sì di Santana pátápátá. Nínú ìlú méjèèjì, ibi ìtòpọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ìpinnu wà ni ó fi ìyàtọ̀ sí wọn.

A lè ta kò wá pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni àwọn òṣìṣẹ́ Gaydon ti wá, àti pé ọpọlọ kò ní ìwé ìrìnnà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ibi tí a ti ń ṣe ìpinnu, tí a sì ti ń dáhùn fún un, ni à ń tọ́ka sí.

7. Àǹfààní àti ìyà tí ó wà nínú orúkọ náà

Kò yẹ kí a rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni èyí. Nínú àdéhùn òwò tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Amẹ́ríkà ṣe ní 2025, ọkọ̀ 100,000 lọ́dún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa san owó ibodè ìpín 10 nínú 100. Defender kò sí lára wọn, nítorí pé Nitra ni ó ti wá. Abẹ́ àdéhùn ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó jẹ́ ìpín 15, ni ó bọ́ sí. Lójú aṣọ́bodè, (b) ni ìbéèrè, kò bìkítà fún Gaydon.

Ti Bridgend ní Wales tún wúwo ju èyí lọ. Ní oṣù Kẹfà 2019, Ford kéde pé òun yóò ti ilé-iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níbẹ̀, níbi tí nǹkan bí 1,700 ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ineos kéde pé Bridgend ni a ó ti máa to Grenadier, iṣẹ́ yóò sì wà fún ènìyàn tí yóò tó 500 bí ó bá yá. Ford ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2020. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Ineos ra ilé-iṣẹ́ Hambach lọ́wọ́ Mercedes-Benz, ọ̀rọ̀ Bridgend sì parí síbẹ̀. Bí a bá ń pe Grenadier ní ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí (a), ẹni tí ó ń retí iṣẹ́ ní Bridgend ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí orúkọ náà fún òun. Ẹni tí ó pàdánù iṣẹ́ ìtòpọ̀ ní Solihull lè bi Defender tuntun ní ìbéèrè kan náà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àbájáde wa ni pé kò sí èyí tí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ méjèèjì ní ìtumọ̀ (b). Grenadier jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ní ìtumọ̀ (a), àti ní ìbẹ̀rẹ̀ (e) nìkan. Defender tuntun jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú (e) ní kíkún, àti nínú díẹ̀ lára (d). Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé (e) ni ó ya Ìbàdàn sọ́tọ̀ kúrò lára Linares, òun ni a gbé lékè. Nítorí náà, Defender ni a dá láre, láìka Íńdíà àti Slovakia sí. Ṣùgbọ́n ìdáláre yìí kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan. Kò dáhùn ìbéèrè òṣìṣẹ́, kò sì yẹ kí atajà fi ìdáhùn (a) tàbí (e) bo ìbéèrè (b) mọ́lẹ̀. A lérò pé ìlànà yìí yóò wúlò fún àyẹ̀wò àwọn ohun mìíràn tí à ń fi orúkọ ìlú pè, yálà aṣọ, oúnjẹ tàbí ẹ̀rọ.